Ikú Akọ̀wé Nínú Yàrá Gọ́ọ̀mù

Ohun tó wà nísàlẹ̀ ife náà funfun bí ìyẹ̀fun. Kò kún ṣíbí kékeré, ṣùgbọ́n òun ló sọ obìnrin kan di èrò àtìmọ́lé láti àná.

Sájẹ́ǹtì gbé ife náà kalẹ̀ lórí tábìlì bí ẹni gbé ẹyin. "Ọ̀gá, ẹ fojú ara yín wò ó. Ìyàwó po tíì, ọkọ mu tíì, ọkọ kú. Kí ló tún kù? Afọ́jú gan-an á rí ọ̀nà nínú ẹjọ́ yìí."

Obìnrin tó ń bá sọ̀rọ̀ tẹjú mọ́ ife náà. Ìyá Ìbéèrè ni gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ń pè é, kò sì sẹ́ni tó fi parọ́ mọ́ ọn. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó lè bi olè léèrè ohun tó jẹ ní ìjẹta ni, títí olè á fi máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kúkú jẹ́ kóun jẹ́wọ́. Sájẹ́ǹtì fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ipò rẹ̀ ló kéré sí tirẹ̀, wọ́n sì ti bára wọn ṣiṣẹ́ pẹ́ débi pé wọ́n lè jiyàn láti àárọ̀ dalẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bínú.

Ìyá Ìbéèrè tẹ̀ síwájú, ó gbóòórùn ife. "Ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀. Ta ló ń po májèlé tó tún ń fi ṣúgà sí i?"

"Ẹni tí kò fẹ́ kó korò lẹ́nu ni, ọ̀gá."

"Ìyẹn náà bọ́gbọ́n mu. Ẹ gbé e tọ apòògùn ilé ìwòsàn lọ. Kó sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún wa lónìí. Ẹ má jẹ́ kó dọ̀la."

Sájẹ́ǹtì gbọn orí, ó ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Òwe yẹn ti sọ èèyàn tí kò ṣẹ̀ sẹ́wọ̀n rí, Sájẹ́ǹtì. Ẹ máa lọ ná."

Ó ṣí fáìlì. Ojú ìwé méjì péré ni. Òkú náà jẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bàtà kan lẹ́yìn ìlú. Àtìpó ni òun àti ìyàwó rẹ̀ àti àwọn márùn-ún tó kù tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà wọn jìn, ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ náà ni wọ́n ń sùn, wọn ò sì lẹ́nì kan nílùú tó lè béèrè wọn bí wọ́n bá sọnù. Akọ̀wé ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, nítorí nínú àwọn méjèèje òun nìkan ló mọ̀wé kà. Nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé ló ti máa ń fi gọ́ọ̀mù lẹ àtẹ́lẹ̀ mọ́ bàtà. Lánàá, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, alábòójútó ilé iṣẹ́ ṣílẹ̀kùn, ó sì bá a tó dorí kọ tábìlì, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, tí kò mí mọ́. Ife tíì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alábòójútó ló ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá. Òun náà ló nàka sí ife.

Ẹlẹ́rìí méjì ní tọkọtaya náà jà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Wọ́n gbọ́ ìyàwó tó pariwo pé, "Tó o bá tún wọ ibẹ̀ lọ́la, òkú ẹ ni wọ́n máa gbé jáde!"

Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo. Ìyá Ìbéèrè kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa gbé obìnrin náà lọ sílé ẹjọ́, àyẹ̀wò òkú kò sì ní jáde fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kan ilé ẹjọ́, ọgbà ẹ̀wọ̀n ló kàn, wọ́n á sì sin ọkọ rẹ̀ láìsí i níbẹ̀. Ta ni yóò wá dúró fún àtìpó?

Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó gba ọ̀nà àtìmọ́lé lọ.

*

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ìka ọwọ́ rẹ̀ le, abẹ́rẹ́ ti gún un káàkiri, nítorí òun ló ń rán awọ bàtà níyàrá iwájú. Ìyá Ìbéèrè kò gba àga tí wọ́n gbé wá fún un. Ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló jókòó sí.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀," ó ní.

Obìnrin náà wò ó. Láti àná tí wọ́n ti ń tì í síwá tì í sẹ́yìn, tí wọ́n ń fà á wọlé fà á jáde, kò tíì sẹ́nì kan tó kí i kú ọ̀fọ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀ pòròpòrò, ó sì sunkún fúngbà díẹ̀. Ìyá Ìbéèrè dúró títí ó fi nu imú rẹ̀.

"Kí lẹ fi sínú tíì?"

"Oògùn ẹ̀fọ́rí. Hóró méjì. Mo lọ̀ ọ́ ni."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ lọ̀ ọ́?"

"Kì í lè gbé oògùn mì, mà." Ẹ̀rín díẹ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀, ó sì kú síbẹ̀. "Àgbàlagbà ọkùnrin! Ó ní ṣe ló máa ń há òun lọ́fun. Tí ṣúgà ò bá sì pọ̀ nínú ẹ̀, kò ní mu ún."

"Ìgbà wo lorí ti ń fọ́ ọ?"

"Ó ti lé lóṣù méjì. Orí, òòyì, èébì láàárọ̀. Nígbà míì ó máa sọ̀rọ̀ bí ẹni mutí, bẹ́ẹ̀ kì í fẹnu kan ọtí."

"Ojoojúmọ́?"

"Àfi ọjọ́ ìsinmi. Tó bá dọjọ́ ìsinmi, tó ti sùn dáadáa, ara ẹ̀ á dá. Á máa kọrin." Ó fọwọ́ bo ẹnu.

Ìyá Ìbéèrè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn wọlé dáadáa kó tó béèrè èyí tó kàn. "Kí lẹ̀ ń jà lé lórí nírọ̀lẹ́ ìjẹta?"

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná họ ojú abẹ́rẹ́ tó wà ní ìka rẹ̀.

"Wọ́n gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ. Ẹ ní òkú ẹ̀ ni wọ́n máa gbé jáde."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Níbo ni wọ́n ti máa gbé e jáde? Ibo lẹ ní kó má wọ̀?"

"Èmi kọ́ ni mo pa ọkọ mi, mà. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ta lẹ̀ ń bẹ̀rù?"

"Tèmi ti bàjẹ́. Kí ni mo tún fẹ́ máa bẹ̀rù?" Ó gbójú sókè. "Àwọn márùn-ún ló kù níbẹ̀. Wọ́n bímọ. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ níta, wọ́n á dá gbogbo wa padà síbi tá a ti wá. Wọ́n ti sọ ọ́ fún wa."

Ó ti sọ ju bó ṣe fẹ́ sọ lọ, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yíjú sí ògiri. Ìyá Ìbéèrè dìde, ó gbọn eruku ìdí aṣọ rẹ̀.

*

Sájẹ́ǹtì pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ò dán mọ́. "Apòògùn ní oògùn ẹ̀fọ́rí ni. Ó ní bí èèyàn bá mu ilọ́po mẹ́ta irú ẹ̀, kò lè pa á."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ wá rán mi lọ nínú oòrùn yìí?"

"Adájọ́ ò ní gba 'mo mọ̀' lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ronú. Ohun kan ń ṣe ọkùnrin yìí fún oṣù méjì. Ní ọjọ́ iṣẹ́, ó ń ṣàìsàn. Ní ọjọ́ ìsinmi, ó ń kọrin. Inú ilé kan náà ló ń gbé, ọwọ́ ìyàwó kan náà ló ti ń jẹun. Májèlé wo ló ń gba ọjọ́ ìsinmi?"

Sájẹ́ǹtì họ irunmú rẹ̀ díẹ̀. "Májèlé tó wà níbi iṣẹ́."

"Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Ṣùgbọ́n èèyàn ló ń fúnni ní májèlé, ọ̀gá, níbi iṣẹ́ o, nílé o. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi: ẹni tó fẹ́ gba ipò ẹ̀ ni. Ẹni tá a bá bá lórí àga òkú yẹn, òun ni kẹ́ ẹ mú."

*

Wọ́n bá ẹnì kan lórí àga òkú náà lóòótọ́.

Alábòójútó ilé iṣẹ́ ló mú wọn wọlé. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, kálámù mẹ́ta dúró ní àpò àyà rẹ̀, ó sì ń fọ́n ọ̀yàyà kiri bí ẹni tó ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ. "Ẹ káàbọ̀, mọ́dàámù. Ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ gbáà ni. Àwọn obìnrin yìí, ṣẹ́ ẹ mọ̀ wọ́n." Ìyá Ìbéèrè, tí òun náà jẹ́ obìnrin, ní kó máa lọ níwájú. Wọ́n gba yàrá iwájú kọjá, níbi tí àwọn mẹ́rin ti tẹrí ba sórí iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò gbójú sókè. Alábòójútó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Òórùn gọ́ọ̀mù gbá wọn lójú. Ó le débi pé Sájẹ́ǹtì fà sẹ́yìn. Yàrá náà kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá níbùú lóròó. Páànù gọ́ọ̀mù ńlá kan wà ní ṣíṣí sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, bàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gọ́ọ̀mù pa tò sórí pátákó láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Fèrèsé méjì wà, pípa sì ni méjèèjì. Ọkùnrin taakuntaakun kan tí wọ́n ń pè ní Géńdé jókòó síbi tí Akọ̀wé kú sí, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì pa gọ́ọ̀mù.

Sájẹ́ǹtì rọra fìgbọ̀nwọ́ gún ọ̀gá rẹ̀. "Ẹ rí i? Òkú ò tíì wọlẹ̀!"

"Ìwọ lo gba iṣẹ́ Akọ̀wé?" Ìyá Ìbéèrè bi í.

Géńdé gbójú sókè. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó dá àpárá. "Iṣẹ́? Èmi… wọ́n ní kí n jókòó." Ó fẹ́ dìde kí àgbà, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó di tábìlì mú.

"Kí lo mu?"

"Omi, mà." Ó tún rẹ́rìn-ín. "Omi lásán ni."

Bí Ìyá Ìbéèrè ti dúró síbẹ̀, tí kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, iwájú orí òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì, kì, kì. Ó gbójú sára ògiri láti wá ibi tó máa fojú dì mú. Ìwé ńlá kan ló wà láàárín fèrèsé méjèèjì, lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ó dúdú, ó sì tò dáadáa:

E MA SI FERESE

Òun àti Sájẹ́ǹtì kà á sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ má ṣí fèrèsé," ni Ìyá Ìbéèrè wí.

"Ẹ máa ṣí fèrèsé," ni Sájẹ́ǹtì wí.

Wọ́n wo ara wọn. Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ èdè yìí bí ẹní mowó: ohùn ló ni ín. Èèyàn méjì tí àwọn méjèèjì lọ sílé ìwé, tí ojú wọn mọ́lẹ̀ kedere, ka lẹ́tà mọ́kànlá kan náà, ọ̀kan ní kí wọ́n ti fèrèsé, ọ̀kan ní kí wọ́n ṣí i.

"Ẹ gbé ọkùnrin yìí jáde síta," ni Ìyá Ìbéèrè pàṣẹ. "Kíá!"

*

Sájẹ́ǹtì fi apá gbé Géńdé lọ sábẹ́ igi lẹ́yìn ilé. Ìyá Ìbéèrè dúró sínú yàrá, ó fi ẹ̀gbẹ́ gèlè bo imú, ó sì wo fèrèsé dáadáa.

"Alábòójútó, ìgbà wo lẹ gbẹ̀yìn ṣí fèrèsé yìí?"

"Ojoojúmọ́ la máa ń ṣí i, mọ́dàámù. Òní yìí ló kàn…"

"Ìgbà wo lẹ kùn ún lọ́dà?"

"Ó ti tó oṣù mẹ́ta."

Ó fi èékánná tọ ojú ibi tí fèrèsé àti férémù ti pàdé. Ọ̀dà bo méjèèjì papọ̀, ó bo ìkọ́ fèrèsé pẹ̀lú, kò sì sán níbì kan ṣoṣo. "Ọ̀dà oṣù mẹ́ta rèé, ó ṣì wà bí ẹ ṣe kùn ún. Ta ló ń ṣí i lójoojúmọ́? Iwin?"

Alábòójútó yí ohùn padà. Ẹni tó ti ń sá lọ lójú ọ̀nà kan tẹ́lẹ̀ tètè yà sí òmíràn. "Ẹ má bínú, mọ́dàámù. Òótọ́ ni n ó sọ. Àwọn òṣìṣẹ́ yìí ló lórí kunkun. Mo kọ ọ́ sára ògiri, ẹ sì rí i: ẹ máa ṣí fèrèsé! Alábẹ̀wò ìjọba wá síbí, ó ní gọ́ọ̀mù yìí ń fẹ́ atẹ́gùn, pé kí n lẹ ìwé mọ́ ògiri. Mo lẹ̀wé. Ó padà wá, ó kà á, ó yìn mí, ó buwọ́ lùwé. Akọ̀wé tó ń pe ara ẹ̀ lọ́mọ̀wé, òun ló ṣì í kà. Òun ló kà á fún gbogbo wọn ní 'má'. Kí lẹ̀bi tèmi níbẹ̀? Mi ò lè máa kọ́ àgbàlagbà níwèé."

Sájẹ́ǹtì ti padà wọlé, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde síta, ó mí kanlẹ̀. "Áà, ọ̀gá. Àṣìkà ló pa á. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Wọ́n á tú ìyàwó sílẹ̀, ó parí."

"Ṣé ó parí?"

"Kí ló tún kù?"

Ìyá Ìbéèrè lọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Géńdé, tó ti bì, tójú rẹ̀ sì ti ń padà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Sọ fún mi. Ohun tí wọ́n jà lé lórí nírọ̀lẹ́ ìjẹta."

Géńdé wo ọ̀nà ilẹ̀kùn kó tó dáhùn. "Ìyàwó ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣí fèrèsé, mà. Ó ní òórùn yẹn máa pa á. Ó ní tó bá tún wọ ibẹ̀ láìṣí i, òkú ẹ̀ ni wọ́n máa gbé jáde. Akọ̀wé ní ìwé ti sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣí i, pé òun ò lè torí ara òun lé gbogbo wa dànù."

"Èyí tó o ń sọ yìí, ẹ ò lè sọ ọ́ fún ọlọ́pàá lánàá?"

Géńdé tẹrí ba. "Mo láwọn ọmọ mẹ́ta, mà. Ojú ń tì mí."

Sájẹ́ǹtì yọ fìlà lórí. Ìkìlọ̀ tí obìnrin náà fún ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ sílẹ̀ bí ìhàlẹ̀, ọwọ́ òun gan-an ló sì kọ ọ́.

Ìyá Ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yípo ọgbà ilé iṣẹ́. Alábòójútó náà fẹ́ràn ìwé kíkọ, kò sí ibi tí kò lẹ ọ̀kan mọ́. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó kà á: E MAA TI GEETI. Ó dé ibi ẹ̀rọ tí ń gé awọ: E MA FI OWO KAN ERO. Ó dé ìdí ẹ̀rọ omi: E MAA PA OMI. Ó yọjú sí yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sùn, níbi tí ẹní méje tẹ́ síbi tó yẹ kí mẹ́ta wà: E MAA DIDE NI AAGO MARUN-UN. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ páànù gọ́ọ̀mù tó wà ní sítọ́ọ̀: E MA MU SIGA.

Sájẹ́ǹtì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. "Ọ̀gá, kí lẹ̀ ń kà kiri?"

"Mò ń kọ́ bí ọkùnrin yìí ṣe ń kọ̀wé ni."

Ìbínú ti ń ru nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìbínú lu ejò, ihò ni yóò lé e wọ̀. Ó padà bá alábòójútó, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, alábòójútó. Mo ti rí ibi tọ́rọ̀ wà. Kí irú ẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́, ẹ bá mi kọ ìwé tuntun síbẹ̀ nísinsìnyí, kí n lè fi sínú fáìlì. 'Ẹ máa ṣí fèrèsé.' Ọwọ́ yín ló dára jù."

Ara tu ọkùnrin náà. Ó yọ kálámù kan nínú mẹ́ta, ó tẹ́ bébà sórí tábìlì, ó sì kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ láìronú, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá dúdú tó tò dáadáa. Ó fi í lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ìyá Ìbéèrè gbà á. Ó ní kí Sájẹ́ǹtì já ti ara ògiri wá. Ó tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì, ọ̀kan sókè, ọ̀kan sísàlẹ̀.

E MA SI FERESE

E MAA SI FERESE

Ẹ̀rín alábòójútó rọra yọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ máa ń kọ 'A' méjì tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n máa ṣe nǹkan," ni Ìyá Ìbéèrè wí. "Ó wà lẹ́nu géètì, ó wà nídìí omi, ó wà lórí ibùsùn wọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n má ṣe é, 'A' kan lẹ máa ń kọ. Ó wà lára ẹ̀rọ, ó wà ní sítọ́ọ̀. Ẹ ò ṣì í rí lẹ́ẹ̀kan. Nínú gbogbo ilé yìí, ibi kan ṣoṣo ni 'A' ti sọnù, òun náà ni ibi tí èèyàn kú sí."

"Ó… ó bọ́ lọ́wọ́ mi ni, mọ́dàámù. Èèyàn ń ṣe àṣìṣe."

"Èèyàn ń ṣe àṣìṣe. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fẹ́ kí wọ́n ṣí i?"

"Eruku ni!" Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Eruku títì! Ó ń lẹ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù tútù, oníbàárà ń dá bàtà padà. Alábẹ̀wò ní ká ṣí i, ọ̀gá mi ní òun ò fẹ́ eruku lára bàtà. Ibo ni kí n gbà?"

"Ẹ wá kọ ìwé ẹlẹ́nu méjì. Alábẹ̀wò dé, ìwé wí ohun tó fẹ́ gbọ́ fún un. Òṣìṣẹ́ dé, ìwé wí ohun tẹ́yin fẹ́ fún un."

"Mi ò mọ̀ pé ó lè pa èèyàn, mo fi Ọlọ́run búra! Mo rò pé kò ní ju ẹ̀fọ́rí lọ."

"Ẹ mọ̀ nípa ẹ̀fọ́rí, nígbà náà," ni Ìyá Ìbéèrè wí. "Ẹ mọ̀, ẹ sì nàka sí ife tíì. Láàárọ̀ yìí ẹ tún fi Géńdé síbẹ̀."

Sájẹ́ǹtì kò dúró kí wọ́n sọ fún un. Ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí alábòójútó lọ́wọ́, ó sì fi agbára tì í ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyá Ìbéèrè mú ọ̀bẹ awọ, ó fi gé ọ̀dà ojú fèrèsé méjèèjì, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ lù wọ́n títí wọ́n fi ṣí. Alábẹ̀wò ìjọba wá síbí lẹ́ẹ̀mejì, ó ka ìwé, kò fọwọ́ kan fèrèsé. Ìjọba kan náà ló ń fún òun àti alábẹ̀wò lówó oṣù, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún dé ọkàn. Ó kọ orúkọ alábẹ̀wò náà sílẹ̀. Ó máa dé ọ́fíìsì rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

*

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tú obìnrin náà sílẹ̀. Sájẹ́ǹtì dọ̀bálẹ̀ fún un, ọkùnrin tó lè bí i lọ́mọ. "Ẹ foríjì mí. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi gbà á là ni mo fi dá yín lẹ́bi." Obìnrin náà ní kó dìde, ó ní ó ti tán. Kò ṣe bí ẹni tó gbọ́ ohun tó sọ rárá. Ìyá Ìbéèrè ló ń wò.

"Mà, nígbà tí wọ́n ń mú alábòójútó kọjá níwájú mi, ó ń pariwo pé ọkọ mi ni ò mọ̀wé kà. Pé ìwé ní kí wọ́n ṣí fèrèsé, òun ló ṣì í kà." Ó di aṣọ àyà rẹ̀ mú. "Èmi ò mọ ìwé. Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ pé ó wà níbẹ̀, mo ní láti gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tàn mí. Ṣé ó ṣì í kà?"

"Kò ṣì í kà. Ó kà á bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe fẹ́ kí wọ́n kà á gẹ́lẹ́."

Obìnrin náà jókòó sórí àtẹ̀gùn àgọ́ ọlọ́pàá.

"Mo sọ fún un nírọ̀lẹ́ yẹn pé ìwé tó ń kà kiri yẹn ò wúlò fún un. Pé ẹni tí ò mọ̀wé gan-an mọ̀ pé òórùn yẹn ò dáa. Ìwé nìkan ló ní tó fi ń yangàn, mo sì bú u sí i. Kò dá mi lóhùn. Láàárọ̀, ó mu tíì, ó ní ṣúgà ò tó." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mo rò pé n ó bẹ̀ ẹ́ tó bá ṣíwọ́."

Ìyá Ìbéèrè jókòó tì í. Ìbànújẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára.

"Wọ́n ní ilé iṣẹ́ bàtà mẹ́rin mìíràn wà ní títì yẹn," obìnrin náà sọ níkẹyìn. "Irú wa ló kún ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ fèrèsé yìí fún wọn, ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má kọ ọ́. Ẹnu ni kẹ́ ẹ fi sọ ọ́, kẹ́ ẹ sì dúró títí wọ́n á fi ṣí i lójú yín."

"Ṣé ẹ máa bá mi lọ?"

Obìnrin náà ronú sí i. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ lọ rí òkú ọkọ òun. Wọ́n jọ dìde, wọ́n sì gba ọ̀nà ilé ìwòsàn lọ.